Ègé Fídíò Tí Ìyá Àgbà Gbé Jáde

Kó tó di ọdún tí àbúrò mi obìnrin parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, Bàbá kò gbà pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe. Àgbẹ̀ ni Bàbá, ó sì ti ṣe tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì sí ìlú wa, Ìlárá, níbi tí èèyàn á ti rìn díẹ̀ tí á ti bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láìmọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni àkọ́bí rẹ̀ ń ṣe ní Ìlaròó, á ní, "Ó ń kọ́ àwọn fóònù bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ara wọn." Á wá máa wo ojú ẹni tó béèrè.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òtítọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá tí mo fi jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga dá lórí bí fídíò ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti lágbára. Dípò kí fóònù kọ̀ọ̀kan máa fa odindi fídíò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ó gé fídíò náà sí wẹ́wẹ́. Fóònù kan á fa ègé kan, òmíràn á fa ègé tó tẹ̀ lé e, wọ́n á sì máa pín in fún ara wọn nínú ilé. Pípín yẹn kò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni ètò rẹ̀: ègé wo ni kí fóònù kọ́kọ́ béèrè, lọ́wọ́ ta ni, nígbà wo. Ègé tó bá dé lẹ́yìn àsìkò rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún mélòó kan ni mo ti ń tún ètò yìí ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ṣe kí n lè rí oúnjẹ jẹ. Kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ béèrè. Wọn kò fún Bàbá àti Màmá ní físà láti lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹ̀kọ́ wa máa gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó bá ṣe ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan tí ẹ máa ń ṣe yẹn lè jẹ́ kí wọ́n rí mi?"

Mo ní ó lè ṣe é. Èmi náà kò tíì mọ̀ bóyá ó lè ṣe é.

Àbúrò mi ti fi fóònù tuntun mẹ́ta ránṣẹ́ sílé ṣáájú ìgbà náà: ọ̀kan fún Bàbá, ọ̀kan fún Màmá, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ló tọ́ àbúrò mi láti kékeré ní ìgbà tí Màmá ń ná ọjà Kétu, ìyẹn ni kò fi sí ẹni tó lè ní kí ó máa yọjú wo fóònù ẹlòmíràn. Bàbá pàápàá ti sọ tirẹ̀: ojú òun kò ríran tó láti bá èèyàn méjì wo fóònù kan ṣoṣo.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa nìyí. Bí èèyàn bá jókòó sí pálọ̀, Nàìjíríà ló wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì máa wá bí ẹni tí wọ́n fi agbára pè. Bó bá sún mọ́ fèrèsé ẹ̀yìn, Bẹ̀nẹ̀ á gbà á, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọlé lédè Faransé pé ẹ káàbọ̀. Màmá ló gbọ́ Faransé díẹ̀ nínú wa. Á ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè, Bàbá á ní, "Sọ fún wọn pé a ò kúrò nílé." Lójúmọ́ wọ́n lè kí wa káàbọ̀ tó ìgbà mẹ́wàá. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí fóònù kan tó lè dá gbé fídíò láìdúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó fóònù mẹ́ta wọn pọ̀ mọ́ méjì tèmi, kí àwọn kan dojú kọ Nàìjíríà, kí àwọn kan dojú kọ Bẹ̀nẹ̀, mo ṣírò rẹ̀ pé á tó.

Nígbà tí ọjọ́ náà ku ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, mo gba Ayétòrò lọ sílé. Mo fi áàpù náà sórí gbogbo fóònù, mo sì ní kí a dán an wò pẹ̀lú fídíò kan tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ ní ìgbà òtútù, níbi tó ti ń dá ìrẹsì sè nínú yàrá rẹ̀.

Òfin tí mo kọ́kọ́ fún àwọn fóònù ni pé ègé tó bá ṣọ̀wọ́n jù nínú ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ìdí tó ní dára: bí ègé kan bá wà lọ́wọ́ fóònù kan ṣoṣo, kí àwọn yòókù tètè gbà á kó tó sọnù. Ṣùgbọ́n mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn mọ́ ọn. Mo ní kí fóònù máa fi ohunkóhun tó bá dé lọ́wọ́ rẹ̀ hàn, kó má bàa dúró.

Bàbá gbé fóònù rẹ̀ sókè sójú, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ọmọ yìí ti jẹun tán," ó ní.

"Ẹ ṣì máa wò ó, Bàbá."

"Ó ti ń fọ abọ́." Ó tún wò ó. "Ó ti ń dáná báyìí. Ìrẹsì ṣì wà nínú àpò."

Màmá ní nínú tòun, ó ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ìyá Àgbà kàn bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń gbé ìgbé ayé lọ́hùn-ún nìyẹn, kí wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó sè é.

Ó gba gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn kí Bàbá tó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí Màmá bá gbé oúnjẹ dé, á bi í pé ṣé èyí tó fẹ́ sè lọ́la ni, àbí èyí tó sè lánàá. Bí aládùúgbò bá wọlé, á ní kó jókòó, ọmọ òun ti fẹ́ fi ìparí ọ̀rọ̀ hàn án kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ yàrá, ojú á tì mí. Mo ti bá àwọn olùkọ́ mi jiyàn lórí òfin yẹn, mo sì borí wọn.

Mo yí i padà. Mo yọ òfin ohun tó ṣọ̀wọ́n kúrò pátápátá, mo ní kí wọ́n máa béèrè èyí tí àsìkò rẹ̀ bá sún mọ́ jù lọ. Mo fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ láti fà wálé bí ó bá ṣe kàn án, kó gbé e pamọ́, kó sì fún àwọn yòókù nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n lò ó. Fídíò ìrẹsì wá lọ tààrà láti orí iná dé orí abọ́. Bàbá wò ó tán, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ó dáa báyìí," ó ní. Òun ló ní àwọn fóònù ti gbọ́ràn, pé bóyá kí n wá kọ́ àwọn ewúrẹ́ inú ilé.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló kù. Fóònù Màmá máa ń fi bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣáájú ti Bàbá. Màmá á rẹ́rìn-ín, Bàbá á bojú wò ó, kó tó di pé òun náà rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ṣé èmi ni olórí ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ lẹ́nu ìyá rẹ ni mo ti ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀?"

Mo ṣàlàyé pé fóònù Màmá ló sún mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó rò ó, ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù. Màmá rí i, ó gbé tirẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n jókòó sí nìyẹn títí di ọjọ́ ayẹyẹ.

Aago mẹ́ta ọ̀sán wa ni aago mẹ́wàá àárọ̀ wọn. Bàbá ti wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti aago kan. Màmá wé gèlè. Mo sọ fún wọn pé àwọn tó wà lọ́hùn-ún kò ní rí wọn, Màmá ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè fi orí òfìfo lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ òun. Ìyá Àgbà jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn nítorí láfún rẹ̀ tó sá sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ó fẹ́ máa wo ọmọ, kó sì máa wo láfún.

Fídíò bẹ̀rẹ̀. Mò ń wo láptọ́ọ̀pù, níbi tí mo ti lè rí fóònù márààrún àti ègé tó wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fà, wọ́n ń pín. Gbọ̀ngàn ńlá kan yọ, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jókòó lọ rẹpẹtẹ. Bàbá ń wo àwọn orí tó dé fìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ti ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kan dìde sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ pẹ́. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, òun náà sọ ọ́ pẹ́. Kò sí fóònù tó dúró. Bàbá yí ojú sí mi, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn tó bá mọ Bàbá á mọ̀ pé mo ti gba oyè.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Àwọn tó ṣáájú àbúrò mi ń gun orí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i nínú ìlà, ó ku èèyàn mẹ́ta. Màmá ti dìde dúró. Ó ku méjì, ó ku ẹyọ kan.

Gbogbo fóònù dúró.

Ẹsẹ̀ àbúrò mi kan wà lórí àtẹ̀gùn, ìkejì ṣì wà nílẹ̀. Nínú ti Màmá, ó ti gbé èyí tó kù díẹ̀ sókè.

"Kí ló dé?" Bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì le.

Mo wo láptọ́ọ̀pù. Ègé tó kàn wà lọ́wọ́ fóònù kẹta nìkan, fóònù kẹta kò sì sí nínú ilé mọ́. Àwọn mẹ́rin tó kù ń dúró dè é. Ó ti ṣèlérí fún wọn, wọ́n sì gbà á gbọ́. Mo ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè, mi ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wá ibòmíràn lọ bí ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá lọ. Bí mo bá pa gbogbo rẹ̀ kí n tún un tàn, ibi tí ayẹyẹ ti dé lọ́hùn-ún ló máa ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí àbúrò mi wà á sì ti kọjá.

Mo yíjú sí ìdí ilẹ̀kùn. Àga Ìyá Àgbà ti ṣófo.

"Ìyá Àgbà dà?"

"Wọ́n ní òyìnbó yẹn ń sọ̀rọ̀ jù," Màmá ní. "Ewúrẹ́ sì ti dé ìdí láfún."

Bàbá dìde, ó jáde. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń pè é, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n o!" títí ohùn rẹ̀ fi lọ sókèèrè. Lẹ́yìn náà ni fóònù kékeré Màmá, èyí tó fi ń tàn tọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nọ́ńbà òkè òkun ni. Màmá gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Màmá," àbúrò mi ní, ó ń mí hẹlẹ. "Ṣé ẹ rí mi?"

"Rárá," ni Màmá dá a lóhùn. "A ò tíì pè ọ́."

"Wọ́n ti pè mí o, Màmá. Mo ti gbàwé. Mo ti jáde síta."

"Ó dáa. Má tíì lọ. Ibi àtẹ̀gùn la bá ọ dé."

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí," mo ní. "Ó kù díẹ̀. Nǹkan kan ló há."

"Kí ló há?"

Kí n tó dáhùn ni Bàbá wọlé pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà lé ewúrẹ́ tán, ó ti yà kí aládùúgbò kan lápá òdìkejì, fóònù náà sì wà ní ìdí rẹ̀ nínú ìró. Ó tú ìró díẹ̀, ó fà á yọ, ó nà án sí mi, ojú rẹ̀ sì ń bi mí pé kí ni òun jí gbé. Kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí láptọ́ọ̀pù fi rí i.

Ẹsẹ̀ àbúrò mi tẹ àtẹ̀gùn. Ọkùnrin tó wà nídìí máíìkì pe orúkọ rẹ̀, ó gé e sí méjì, ó sì so ó pọ̀ sódì.

"Ta ni wọ́n pè yẹn?" Màmá béèrè.

"Èmi ni," àbúrò mi ní láti inú fóònù kékeré.

Nígbà náà ni wọ́n rí i. Ó rìn kọjá lórí pèpéle, aṣọ dúdú náà gùn jù fún un díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé e. Ó gba ìwé, ó bọ ọkùnrin tó gbé ìwé fún un lọ́wọ́. Kó tó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ síwájú ọkùnrin náà, bí a ṣe kọ́ ọ nílé, ó rántí pé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì dìde kíá. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ oríkì rẹ̀, èyí tó fi ń pè é láti ìgbà tó ń pọ̀n ọ́n, kò kánjú rárá, ó ń sọ ọ́ sí ojú fóònù bí ẹni pé ọmọ náà ń bọ̀ wá bá a nínú rẹ̀. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún yọ ọ́.

A kò rántí pé fóònù kékeré náà ṣì wà ní títàn lórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà tí Ìyá Àgbà dákẹ́ ni a gbọ́ tí àbúrò mi ń sunkún. Kò sunkún pẹ́. Ó ní òun wà níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, pé àwọn èèyàn ń wo òun.

"Jẹ́ kí wọ́n wò ọ́," Bàbá ní. "Sọ fún wọn pé ilé rẹ ló pè ọ́."

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n dá ẹjọ́ Ìyá Àgbà. Bàbá ló pe ẹjọ́ náà. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé ohun tó mú wọn gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ìdí láfún. Ìyá Àgbà kò bẹ ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ sọ fún mi pé ọmọ wà ní ìdí mi? Bí ẹ bá ti sọ fún mi, ṣé màá lọ lé ewúrẹ́?"

Ẹjọ́ náà yí sí ọ̀dọ̀ mi. Òótọ́ ni, mi ò sọ fún un. Mo rò pé àwọn fóònù nìkan ni mo ń fún ní òfin.

Mo fi ọjọ́ méjì kún ọjọ́ mi nílé, mo jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, mo tún ètò náà kọ. Ègé tí àsìkò rẹ̀ bá sún mọ́ ni wọ́n á ṣì máa kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n bí ààyè bá wà díẹ̀, kí wọ́n wá èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ kó tó di pé wọ́n nílò rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá dákẹ́, kí wọ́n má dúró dè é, kí wọ́n lọ béèrè níbòmíràn. Mo dán an wò nípa pípa fóònù kan lójijì, lẹ́yìn náà méjì. Fídíò kò dúró. Mo wá rí i pé òfin ohun tó ṣọ̀wọ́n tí Bàbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò burú. Èmi ni mo sọ ọ́ nù pátápátá nítorí ẹ̀rín ìrẹsì.

Mo sọ fún Bàbá. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin, bí ó ṣe máa ń gbọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń ka ìwé.

"O máa ń tètè gbà fún mi jù," ó ní. "Láti kékeré ni."

Ó ya mí lẹ́nu, nítorí mo ti rò pé òun ni kì í gbà fún mi.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, àbúrò mi pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, kí n má purọ́. Ó sọ pé nínú gbọ̀ngàn ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ilé rẹ̀ á dìde, wọ́n á pariwo, wọ́n á fun fèrè. Nígbà tí wọ́n pe òun, ìyá kan tí òun kò mọ̀ rí ló pàtẹ́wọ́, bóyá nítorí pé àánú òun ṣe é. Òun sọ̀kalẹ̀, òun jáde síta kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú òun, òun sì pe ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró kí n lè gbọ́ wọn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé á gbà á gbọ́, á sì máa sọ ọ́ títí ayé pé ẹ̀gbọ́n òun gbọ́n. Oníbàárà kan dúró níwájú mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí omi wọ̀. Mo ní kó jókòó.

"Rárá," mo sọ fún un. "Ìyá Àgbà lọ lé ewúrẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún un sọ, mo fi bí Bàbá ṣe ń pè é lẹ́yìn ilé kún un, mo fi ìró kún un. Nígbà tí mo parí, oníbàárà tó gbé kọ̀ǹpútà dání náà ti ń rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí bóyá Ìyá Àgbà rí láfún rẹ̀ kó.